Ọṣẹ Tí Ẹ Dì Sínú Ẹrù Ìyàwó Bọ́lá

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Láti Àbújá níhìn-ín ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, orúnkún méjèèjì ló sì kan ilẹ̀, kì í ṣe ìkúnlẹ̀ gbẹ̀fẹ́ tí ẹ máa ń bá wa wí lé lórí. Bàbá, ẹ kú ilé o, sà. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa ka lẹ́tà yìí sókè sí Màmá létí, nítorí pé awò ojú wọn kì í sí nítòsí nígbà tí ìwé bá gùn. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọ̀rọ̀ obìnrin pọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ẹ má fo ibì kankan. Bí ẹ bá dé ibi tó fẹ́ mú yín wúkọ́, ẹ mu omi díẹ̀, kí ẹ máa kà á lọ. Bọ́lá, àbúrò mi, ìyàwó ọ̀la, mo kí ọ. Mo kí Àǹtí Ṣadé, àbúrò Bàbá, kí wọ́n sì fọkàn balẹ̀, orúkọ wọn ṣì ń bọ̀ níwájú.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa lẹ ti rí lẹ́tà yín. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní Àbújá ló ní kí n kọ nǹkan nípa iṣẹ́ mi fún ojú ewé àwọn obìnrin. Mo sì sọ fún wọn pé ohun tí mo fẹ́ bá gbogbo ìyá sọ, ìyá tèmi ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àti pé, Màmá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo ti gbìyànjú lórí fóònù. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ bí tòmátì ṣe wọ́n tó, ohùn mi á dé ọ̀dọ̀ yín gaara. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn àna wa tuntun, ẹ ó gbọ́ mi dáadáa. Àmọ́ bí mo bá ti ní, Màmá, nípa ọ̀rọ̀ ọṣẹ yẹn, kíá ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì á dàrú, ẹ ó máa pariwo hẹ́lò, hẹ́lò, ẹ ó ní ẹ ò gbọ́ mi mọ́, kí n pè padà lọ́la. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lè da ìwé rú, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ kò gùn. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ yọ ọṣẹ yẹn kúrò nínú ẹrù ìyàwó Bọ́lá kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa kà á tí ẹ ò mọ ọṣẹ tí mo ń wí, bó ṣe rí nìyí. Gbogbo ọmọbìnrin tó bá ń lọ ilé ọkọ láti agbo ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá mi ló ń ṣe ọṣẹ ìyàwó fún un. Wọn á gún ọṣẹ dúdú pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù àti àwọn èròjà mìíràn tí ìyá wọn fi lé wọn lọ́wọ́. Wọn á dì í sínú aṣọ funfun, wọn á gbàdúrà lé e, wọn á sì kì í bọ ìsàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ àwọn ìró tuntun. Wọn á wá pe ìyàwó sí kọ̀rọ̀, wọn á kọ́ ọ pé ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ó máa fi ọṣẹ náà fọ inú ojú ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, kí ara rẹ̀ lè dùn mọ́ ọkọ, kí ọmọ sì tètè dé. Kò sí ìkà kankan nínú rẹ̀. Ìfẹ́ ìyá ló wà níbẹ̀. Èmi náà gba tèmi, mo sì kúnlẹ̀ gbà á ni.

Kí n tó dé orí ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ara mi, kí ẹ má baà sọ pé ìwàásù nìkan ni mo kọ ránṣẹ́. A wà ní àlàáfíà. Àdúgbò Àpò la ṣì ń gbé, bàbá Tómi sì ṣì ń fi gbogbo Sátidé rẹ̀ ṣe àlejò àwọn mẹkáníìkì tó wà nítòsí wa, nítorí mọ́tò tí wọ́n tún ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá tún ti ń kọ ìró mìíràn. Ooru mú wa títí a fi ń wọ́n omi sórí tìmùtìmù ká tó sùn. Nígbà tí òjò wá dé, ó dé bí àna tí wọ́n ti ń retí tipẹ́, gbogbo àdúgbò ló jáde wò ó. Tómi ti ga tó mi ní èjìká. Ó ń gbọ́ Yorùbá gbogbo, àmọ́ bí mo bá bá a sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Tó bá wá rí ìyá Hausa tó ń ta kósé, àkàrà tiwọn, lẹ́nu ọ̀nà wa, á kí i pé sànnu, ìyẹn á ní yauwa, àwọn méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni àárò yín máa ń sọ mí jù, nítorí mo mọ̀ pé bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ yín ló wà ni, ẹnu rẹ̀ ì bá ti já geere. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ló le jù fún mi. Bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí ilé dákẹ́, ó máa ń ṣe mí bíi kí n lọ sí páàkì Jábì kí n wọ mọ́tò tó ń bọ̀ wálé.

Iṣẹ́ wá ńkọ́? Ẹ máa ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé dókítà ni mí, mo sì máa ń bẹ̀ yín pé kí ẹ yé sọ bẹ́ẹ̀, láàbù ni mo wà. Ní Gàríkí ni láàbù wa wà. Ohun tí à ń wádìí rẹ̀ nìyí, Bàbá, ẹ múra sílẹ̀: ojú ara obìnrin. Ọlọ́run dá a tìlẹ̀kùn tìṣọ́ ni. Àwọn ẹ̀dá tíntìntín kan tí ojú lásán kò lè rí ń gbé inú rẹ̀, wọ́n sì ń mú omi ibẹ̀ kan díẹ̀, kíkan yẹn ni kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò burúkú ráyè jókòó. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí bá lọ, àwọn burúkú á wọlé, ni yíyún á bá bẹ̀rẹ̀, ni òórùn bí ẹja á bá dé. Ó tún lè ṣàkóbá fún oyún, kí ọmọ fẹ́ wá kí àkókò rẹ̀ tó pé. Ìwé tí àwọn òyìnbó kọ lórí rẹ̀ pọ̀, àmọ́ àwọn obìnrin tiwọn ni wọ́n wò jù. Díẹ̀ ni a mọ̀ nípa tiwa. Kì í tilẹ̀ ṣe gbogbo obìnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá nílẹ̀ yìí ni tirẹ̀ rí bí ìwé ṣe wí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wádìí. A ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ìwọ̀n aṣọ ẹlòmíràn rán aṣọ fún wa.

Bí a ṣe ń ṣe é ni pé a ó pe àwọn obìnrin, a ó ṣàlàyé, ẹni tó bá gbà, á wọ yàrá kékeré kan tó ní aṣọ títa, á fi òwú tó wà lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ibẹ̀ fúnra rẹ̀, á sì gbé e fún wa. Kò ní ìrora, kò sì sí ẹni tó ń wò ó. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ bá àwọn obìnrin Yorùbá sọ̀rọ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà láti Ìlọrin, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, àti àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà nínú ẹgbẹ́ wa. Inú mi dùn. Mo mọ èdè wọn, mo mọ bí a ṣe ń kí wọn. Wọ́n sì jáde lóòótọ́, wọ́n wọ aṣọ tó dáa, wọ́n lọ́ gèlè, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi.

Àmọ́ òwú tí wọ́n ń gbé fún wa kò ní nǹkan kan tó ṣeé wò. A ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, òfìfo. Bí kì í bá ṣe òfìfo, ìfófòó ọṣẹ ni. Ọ̀gá mi, Dókítà Làdí, obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè, pè mí sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní ti àwọn ẹgbẹ́ mi tó lọ bá àwọn obìnrin mìíràn ń dáa díẹ̀díẹ̀, tèmi nìkan ló ń dà bíi pé inú garawa omi ni mo ti ń bu òwú wá. Wọ́n ní bó bá ń lọ báyìí, wọn yóò yọ àwọn obìnrin Yorùbá kúrò nínú ìwádìí náà. Mo jáde, mo jókòó sínú takisí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo rò ó pé èmi tí mo ní mo mọ àwọn èèyàn mi, kí ló wá dé?

Àlàájà kan ló là mí lójú. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní ọjà Gàríkí, ọmọ Ìlọrin ni wọ́n, ẹnu wọn dùn, ó sì mú. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n sọ ìtàn àwọn nínú ìwé yìí. Wọ́n ní kí n tilẹ̀ kọ orúkọ àwọn gàdàgbà síbẹ̀, èmi ni mo fi bò. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá, bí wọ́n ṣe wọlé ni òórùn ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ gba gbogbo yàrá. Mo bi wọ́n pẹ̀lú ẹ̀rín pé Àlàájà, ṣé odò ni ẹ ti ń bọ̀ ni? Wọ́n ní kai, ìbéèrè wo lèyí, ṣé kí àwọn gbé ara tí àwọn ò fọ̀ wá síwájú dókítà, kí wọ́n lè máa sọ pé obìnrin Yorùbá dọ̀tí ni? Wọ́n ní látàárọ̀ ni àwọn ti ń fọ ọ́, lóde àti nínú, àwọn fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, àwọn fi ọsàn ṣàn án, kí ojú má baà ti èmi tí mo pè wọ́n. Wọ́n ní gbogbo àwọn tó ti wá ṣáájú wọn ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjà, àṣẹ tí wọ́n ń pa fún ara wọn ni pé ọmọ wa ló pè wá, ẹ má jẹ́ ká dójú tì í.

Màmá, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àpọ́nlé ló ń ba iṣẹ́ mi jẹ́! Bí wọ́n ṣe fẹ́ràn mi tó ni wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ tó. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún Àlàájà pé kò yẹ kí wọ́n fọ inú, kì í ṣe tìtorí àyẹ̀wò nìkan, kò yẹ kí wọ́n fọ̀ ọ́ rárá. Òde nìkan ni omi àti ọwọ́ ní í ṣe, inú mọ bó ṣe ń fọ ara rẹ̀. Wọ́n wò mí bíi pé mo ní kí wọ́n má san gbèsè. Mo sọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá tíntìntín, wọ́n ní kòkòrò kì í ṣe ohun àmúsọ́dọ̀. Gbogbo àlàyé tí mo kọ́ ní yunifásítì, ńṣe ló ń bọ́ sílẹ̀ lára wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìkòkò ògì yín.

Àǹtí Ṣadé, ẹ má bínú, orúkọ yín ti dé. Màmá, ẹ rántí ọdún tí wọ́n ti Èkó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n ní àwọn ò lè máa jókòó lásán. Ẹ lọ sọ́jà, kí ẹ tó dé, Àǹtí ti gbé ìkòkò ògì sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n da omíkan inú rẹ̀ nù sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n fi ọṣẹ àti kànìnkànìn họ ọ́, wọ́n tún fi oògùn apakòkòrò ṣàn án. Ìkòkò náà ń dán, wọ́n dojú rẹ̀ kọ oòrùn, wọ́n jókòó ń retí ọpẹ́. Màmá, igbe tí ẹ ké lọ́jọ́ náà, àwọn ará ilé kejì sáré wọlé, wọ́n rò pé ẹnì kan kú ni! Ẹ sẹ́ ògì tuntun sínú ìkòkò náà, ó kọ̀, kò kan. Ó ń yọ̀, ó ń rùn, àwọn oníbàárà gbé e padà wá. Ẹ wá gbé wa jókòó, ẹ sì sọ fún wa pé omíkan tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò ló ń ṣọ́ ògì, pé ẹni tó bá fi ọṣẹ lé omíkan jáde, ìdíbàjẹ́ ló pè wọlé. Láti ọjọ́ náà, èèwọ̀ ni ọṣẹ fún ìkòkò yẹn nílé wa. Ẹ tilẹ̀ ń dá Àǹtí lápàárá títí dòní pé kí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́, kí wọ́n má ṣiṣẹ́.

Ìtàn yìí ni mo sọ fún Àlàájà. Mo ní àwọn ẹ̀dá tíntìntín tó ń mú ògì kan àti àwọn tó ń ṣọ́ ojú ara obìnrin, ẹbí kan náà ni wọ́n, bí wọn ò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Mo ní kíkan tó ń ṣọ́ ìkòkò, irú rẹ̀ ló ń ṣọ́ wa. Àlàájà fọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n ní ìyá tiwọn náà ṣe ògì nígbà ayé wọn ní Ìlọrin, kò sì sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti gbé ọṣẹ súnmọ́ ìkòkò wọn. Wọ́n wá pàtẹ́wọ́, wọ́n ní a jẹ́ pé láti gbogbo ọdún yìí wá, àwọn ni Àǹtí Ṣadé ara àwọn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó àwọn ẹgbẹ́ wọn jọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí n tún un sọ. Èmi ò tilẹ̀ sọ tó ìdajì tí Àlàájà fi gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Wọ́n ń ṣe bíi Màmá, wọ́n ń ṣe bíi Àǹtí, àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fọwọ́ lu ìdì aṣọ. Ìyá kan láti Ọ̀yọ́ wá nọ́wọ́ sókè, ó béèrè pé ṣé kí àwọn wá máa fi ògì síbẹ̀ ni? Mo ní rárá o, ìyá mi, ẹnu ni kí ẹ gba ògì sí, kí ẹ fi àkàrà tì í lẹ́yìn! Ibẹ̀ yẹn, ẹ má fi nǹkan kan sí i, ẹ ṣáà fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí náà, mo tún un sọ, kí ẹnikẹ́ni má fi mí bú lọ́la: ẹ má fi ògì síbẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń yún, tàbí tí ó ń gbóòórùn, kí ó lọ rí dókítà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí.

Láti ìgbà náà ni òwú ti ń dáa. Dókítà Làdí tún pè mí, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní kí ni mo ṣe fún àwọn obìnrin mi? Mo ní ìyá mi ló ṣe é, láti ìdí ìkòkò. Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi náà ní ìtàn ìkòkò, kí oníkálukú wá irú rẹ̀ ní èdè tirẹ̀. Àlàájà pàápàá, tí ara ti ń yún láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n sì ń fi kún fífọ̀ bí yíyún ṣe ń pọ̀ sí i, dókítà fún wọn ní oògùn, wọ́n lò ó tán, wọ́n jáwọ́ nínú fífọ inú, yíyún náà sì lọ. Wọ́n gbé aṣọ wá fún mi, wọ́n ní ti ìyá mi wà nínú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ra búrẹ́dì dání lọ sílé láì sí pé a fẹ́ jẹ búrẹ́dì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá gbé dùn, tí ó sì gbé le, nìyí. Ẹ ti di olókìkí ní ọjà Gàríkí, Màmá. Wọn ò mọ ojú yín, àmọ́ Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń pè yín. Bí ẹnì kan bá ń ta ọṣẹ ìfọ̀nú kọjá, wọn á ní kó máa lọ, Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọṣẹ ò gbọdọ̀ wọ ìkòkò. Bí ìyàwó ilé kan bá ń ra álọ́ọ̀mù, wọn á bi í pé ṣé ó fẹ́ fi mú omi tòrò ni, àbí ó fẹ́ ṣe ohun tí Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ní ká má ṣe? Mo ń gbọ́, mo ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn mi kì í balẹ̀. Nítorí mo mọ̀ pé Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ yìí kan náà ti gún ọṣẹ, ó ti po álọ́ọ̀mù mọ́ ọn, ó sì ti dì í sínú ẹrù Bọ́lá.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra ka ibi tó kàn yìí.

Màmá, ẹ rántí oyún mi àkọ́kọ́, èyí tó wálẹ̀ kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ẹ wọ mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ ò dúró di ẹrù. Ẹ gbé orí mi lé itan yín, ẹ ṣáà ń fọwọ́ pa mí lórí. Èmi náà lo ọṣẹ ìyàwó nígbà náà, tòwúrọ̀ tìrọ̀lẹ́, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù látọjọ́ yìí nìyí. Mo ń bẹ̀rù pé lọ́jọ́ tí ẹ bá gbọ́ ohun tí à ń rí ní láàbù, ẹ ó jókòó sílé, ẹ ó máa ro oyún yẹn. Ẹ má rò ó, Màmá. Dókítà ò mọ ohun tó fà á, èmi tí mo ń wádìí rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó lè nàka sí ọṣẹ yín pé òun ni. Oyún ń wálẹ̀ lára ẹni tí kò rí ọṣẹ rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé fífọ inú kì í ṣe obìnrin lóore, ó sì lè ṣe é ní ibi. Bí mo bá mọ èyí, tí mo sì dákẹ́ tí Bọ́lá gbé ọṣẹ yẹn lọ ilé ọkọ, tèmi ni ẹ̀bi náà máa jẹ́, kì í ṣe tiyín. Ohun tí ẹ mọ̀ lẹ fi fẹ́ràn wa. Mo fẹ́ràn yín gan-an, Màmá. Iṣẹ́ yìí tí mo ń ṣe, orí itan yín lọ́jọ́ náà ni mo ti pinnu pé mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara wa.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Mo ti fi ọwọ́ kékeré mi wo inú akèrègbè, mo ti sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín. Èyí tó wà lórí pẹpẹ ló kù, ẹ̀yin nìkan lọwọ́ yín tó o. Bí mo bá sọ fún Bọ́lá kó má lo ọṣẹ náà, á rò pé mo fẹ́ sọ ọ́ di aláìgbọràn sí ìyá rẹ̀. Ó tilẹ̀ ti sọ fún mi pé àfi kí ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu Màmá jáde. Mi ò sì sọ pé kí ẹ da ọṣẹ náà nù. Ọṣẹ yín dára. Ẹ yọ álọ́ọ̀mù kúrò, ẹ fún un kó máa fi wẹ ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn, ara rẹ̀ á máa dán. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ awakọ̀ Jábì, òun ni Tómi fi ń wẹ̀, nítorí pé ẹ ò fi álọ́ọ̀mù sí i.

Ohun kan ló wà, mi ò fẹ́ kí ó bá yín lójijì. Àlàájà ń lọ sí Ìlọrin fún Iléyá. Wọ́n ti búra pé àwọn ò ní padà sí Àbújá láì dé Ògbómọ̀ṣọ́ láti kí Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n sì fi ojú ara wọn rí ìkòkò náà. Mo gbìyànjú láti dá wọn dúró, wọ́n ní ṣé mo rò pé àwọn ò mọ ọ̀nà ni. Ọjọ́ tí wọ́n máa dé ọ̀dọ̀ yín, ẹrù Bọ́lá á ti wà ní pálọ̀ tí àwọn èèyàn ń wò ó. Mo mọ Àlàájà, wọ́n á tú u wò dé ìsàlẹ̀.

Nítorí náà, Màmá, ibi tí aṣọ funfun yẹn wà lábẹ́ àwọn ìró, ẹ wá ìkòkò kékeré kan síbẹ̀. Ẹ bu omíkan sí i láti inú ìkòkò ńlá, èyí tí ọṣẹ ò kàn rí láti ìgbà Àǹtí Ṣadé. Ẹ dé e dáadáa kó má baà dà sára aṣọ. Ẹ pe Bọ́lá sí kọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe pè mí, ẹ gbàdúrà lé e, kí ẹ sì sọ fún un láti ẹnu yín bí a ṣe ń tọ́jú ìkòkò, àti bí èyí tí Ọlọ́run fi sí ara rẹ̀ ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀. Á sẹ́ ògì tirẹ̀ nílé ọkọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ á mu ún.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yin àti Bàbá pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ. Ilé á tu yín lára, ẹ ò ní fi ojú sunkún wa mọ́ láéláé. Ìgbéyàwó Bọ́lá á dùn, òjò ò ní bà á jẹ́, a ó kúnlẹ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì, àti àwọn oníbàárà ògì tó ń pè mí ní dókítà. Ẹ bá mi kí Àǹtí Ṣadé dáadáa, ẹ ní kí wọ́n wá ran yín lọ́wọ́ di ẹrù ìyàwó, àmọ́ kí wọ́n jókòó jìnnà sí ìkòkò. Bàbá, ẹ ṣé, sà, tí ẹ kà á tán. Ẹ lè wúkọ́ báyìí.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ fi ògì tọ́,
Àjọkẹ́.